Èmi Ni Mo Pa Ìpolówó Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú ńlá ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ fún mi. Láràárọ̀, tí ìyàwó mi bá ń wọ bàtà iṣẹ́ láti lọ bá wọn ta àga ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Oniru, n kì í lè gbójú sókè wò ó. Ó gbà pé Ọlọ́run ló ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ọwọ́ òun. Kì í ṣe Ọlọ́run o. Èmi ni, èmi ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀.

Kọ́tìnì ni ìyàwó mi ń rán. Yàrá kan nílé wa ní Abraham Adésànyà Estate ló ti bẹ̀rẹ̀, òun àti Bùkọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tèmi, nítorí náà èmi ni mo ṣe wẹ́bùsáìtì fún un. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ni mo bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń polówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni ní Lekki tàbí Ajah bá ń wá ẹni tó máa rán kọ́tìnì lórí fóònù rẹ̀, orúkọ ìyàwó mi ló máa kọ́kọ́ rí. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, wẹ́bùsáìtì wa ló máa já sí, wọn á sì yọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ wa nítorí títẹ̀ yẹn. Mo jókòó tì í bí ẹni ń tọ́ ọmọ. Mò ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mò ń yọ àwọn tó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ kọ́tìnì kúrò, títí tó fi jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ rà gan-an ló ń wọlé. Háà, iṣẹ́ dé! VGC lónìí, Oniru lọ́la. Ìyàwó mi gba aránṣọ mẹ́ta, ó ra mọ́tò.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí nínú. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ń pe àwọn èèyàn wá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "ọkọ Ìyá Oníkọ́tìnì". Ọkùnrin kan tún wà ní VGC tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń tún ilé ṣe. Tó bá ti pè, ìyàwó mi á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá máa tẹ́tí. Kí ni wọ́n ń sọ? Àwọ̀ kọ́tìnì ni! Ṣùgbọ́n owú ti dí mi létí. Lọ́jọ́ kan, ó fi mí sílẹ̀ nídìí oúnjẹ láti lọ dá ọkùnrin náà lóhùn. Mo dìde, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo pa ìpolówó náà. Mo ní kó jìyà fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́rin. Wẹ́bùsáìtì ṣì wà, ó sì rẹwà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń yà síbẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, bóyá nǹkan bà jẹ́ níbẹ̀. Àwọn èèyàn ò pè mọ́." Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Kò sóhun tó bà jẹ́. Ìlú ló le." Ó gbà mí gbọ́. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn nínú sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ, èmi náà sì ń ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, mò ń ṣe àmín!

Àsìkò yẹn ni Bùkọ́lá gba iṣẹ́ kékeré kan, ó fẹ́ rán bẹ́ẹ̀dìṣíìtì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi rí i, ó fìbínú kígbe, "Ṣé ìwọ lo ń fa àwọn oníbàárà mi lọ!" Bùkọ́lá kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Àǹtí mi, mi ò mọ nǹkan kan." Ó yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí." Òtítọ́ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo kàn ní kí wọ́n máa rọra. Ọjọ́ yẹn náà ni ọmọbìnrin yẹn kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Nígbà tí ìyàwó mi ta àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo sáré tan ìpolówó padà. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan pè láti Lekki, odidi ilé ló fẹ́ ṣe. Mò ń gbàdúrà pé kó gba iṣẹ́ náà. Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà, mi ò ṣe é mọ́. Ọlọ́run ti fi hàn mí pé kì í ṣe ọ̀nà mi." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jáde lọ ṣa aṣọ lórí okùn.

Nísinsìnyí, Bùkọ́lá ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ, ìyàwó mi sì ti búra pé òun ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dalẹ̀ òun. Ìyá wọn pè mí lánàá. "Bàbá Tóbi, ẹ̀yin nìkan ló máa ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín." Mo ní mo máa gbìyànjú. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́? Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé á tún jókòó sílé mi? Tí mo bá dákẹ́, tẹ̀gbọ́n tàbúrò á máa bára wọn yodì títí ayé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Ẹ̀yin obìnrin gan-an ni mò ń bẹ̀ jù: ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?