Aago Tí Wọ́n Rà fún Mi, Tó Bá Ìyá Yín Àgbà Sọ̀rọ̀

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu… ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò tíì sí láyé nígbà náà, ìyá yín tó bí yín gan-an kò tíì sí. Ẹ ti tan fóònù yẹn? Ó ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Ẹ gbé e sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò ròkè mọ́.

Mo ní nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, aago ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi wo ara. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Fáàrí ni aago. Bí kòkó bá ti so dáadáa lọ́dún kan, àwa ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú wa, Odode, a gba Àkúrẹ́ lọ, a ra ṣòkòtò, a ra bàtà, a ra aago. Èmi náà lọ. Ọlọ́jà kó oríṣi mẹ́rin síwájú mi. Ẹ gbọ́, mi ò bèèrè èwo ló ń ṣiṣẹ́ o. Èyí tó ń dán jù ni mo nawọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi tó sìn mí lọ ní, "Akin, èyí dúdú yìí ló lágbára." Mo ní, "Dúdú kẹ̀? Ta ni yóò rí i?"

Nítorí Fọláṣadé ni… ìyá yín àgbà. Wọ́n wà lára àwọn tó ń kọrin ní ìjọ wa. Ẹ wo ọmọge nínú aṣọ funfun! Ojú wọn kì í kúrò lára ìwé orin, bẹ́ẹ̀ èmi ń fẹ́ kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè kí aago lè hàn. Òjò ti pa aago náà lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti dákẹ́… ṣùgbọ́n ṣé òjò pa dídán rẹ̀ ni? Nígbà tí a jáde ìsìn, wọ́n wá bá mi, wọ́n kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Akin, kí ni aago wí?" Mo gbé ọwọ́ sójú, mo ní, "Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀." Wọ́n wo oòrùn ọ̀sán gangan lókè, wọ́n wo òjìji ara wọn nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, sà. Aago yín ti kú. Ẹ sin ín." Hà! Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ kọ, irọ́ ni.

Ṣé ẹ rí i, nígbà yẹn, kí la fi ń mọ̀ pé ara ẹni kò dá? Ojú la fi ń wò. Bí ènìyàn bá rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á se àgbo fún un. Bó bá dìde lọ́jọ́ kejì, ara ti yá nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà ènìyàn, ta ló ráyè rẹ̀?

Màmá tèmi ńkọ́… ẹ ò mọ̀ wọ́n, fọ́tò wọn kò sí. Àwọn ló máa ń ru kòkó láti oko wa lápá Atosin wá sí ẹ̀bá títì. Obìnrin tí kì í sinmi. Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, mo kíyè sí i pé wọn kì í rin ọ̀nà yẹn já láìdúró mọ́. Bí a bá dé ibi tí ilẹ̀ gbé ga, wọ́n á ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀já mi so." Àwa ọmọ a sì máa lọ. À ń sáré, à ń ju òkúta lu ẹyẹ igbó. Lọ́jọ́ kan, a dé títì, a dúró, a dúró… Màmá ò dé. Bàbá mi padà lọ wò. Wọ́n bá Màmá ní ìjókòó lẹ́bàá ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ kòkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹyọ kan kò dànù. Wọ́n ti lọ. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan ní iṣẹ́ ló pa wọ́n. Èmi ò mọ̀ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, òòyì kọ́ mi lóko. Ẹ mọ̀ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń lo oògùn rẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́. Mo jókòó sídìí igi kòkó títí ọkùnrin ará Ìsẹ́yìn tó ń bá mi ṣe oko fi rí mi. Ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà wá sílé. Kò tán síbẹ̀, ó tún pe Tóyìn, ìyá yín, ní Ìbàdàn. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Lọ́jọ́ kejì, Tóyìn ti dé. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi ní, "Bàbá, oko ti tó." Mo ní, "Kí n wá máa ṣe kí ni? Kí n jókòó síwájú ilé, kí n máa ka àwọn àlejò tó ń wá gun àpáta ìlú wa?" A fà á títí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ ó wọ sìmáàtì wọ́ọ̀ṣì." Ó ṣàlàyé fún mi: aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tí ènìyàn bá sì ṣubú, yóò fi fóònù ké sí ẹni tó ni ẹni náà.

Àwa mẹ́ta la lọ sí Àkúrẹ́, èmi, ìyá yín àgbà àti Tóyìn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà rí ewú orí mi, ó mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀kan jáde, aláwọ̀ wúrà, ó ń kọ mànà. Ó ní, "Bàbá, ti àwọn ènìyàn ńlá nìyí. Ó ń ka ọkàn, ó ń ka oorun, ó ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó tilẹ̀ ń sọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, láìfi abẹ́rẹ́ kàn yín!" Mo ti na ọwọ́ kí ó wọ̀ ọ́ fún mi. Ìyá yín àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Tóyìn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Bàbá kí a tó wá. Ó ní kò sí aago tó lè dá ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìsí abẹ́rẹ́, kí n má fọkàn tán èyí tí wọ́n bá ní ó ń ṣe é. Ó ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá ni kí Bàbá ṣì máa lò." Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó wà lára páálí lòun kà. Mi ò bá a wí, ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyá yín àgbà wá gba ọjà lọ́wọ́ wa. Obìnrin tí kò kàwé jù pírámárì lọ! Wọ́n ní, "Èwo ni nọ́ńbà rẹ̀ tóbi? Bàbá Tóyìn kò ríran kékeré." Ó fi han wọ́n. "Bí a bá gba iná sí i, ọjọ́ mélòó ni yóò lò? Iná tiwa, bí àlejò ló ń wá." Ó ní ọ̀sẹ̀ kan. "Rọ́bà rẹ̀ kò ní bó awọ ọwọ́ wọn?" Wọ́n fà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́. "Òjò ńkọ́? Ṣé òjò lè pa á?" Wọ́n wá yí ojú sọ́dọ̀ mi. Tóyìn ò mọ ohun tó ń pa àwa méjèèjì lẹ́rìn-ín. Dúdú la rà. Dúdú bí ìdí ìkòkò.

A délé, mo yarí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ewúrẹ́ ni mí tí ẹ fẹ́ máa so mọ́lẹ̀?" Aago náà sùn lórí tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, a jókòó. Ìyá yín àgbà ní, "Ẹ wò ó, kì í bu ènìyàn jẹ." Wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ ara wọn. Kò pẹ́, aago náà gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, bíi pé kòkòrò kó sínú rẹ̀. Tóyìn wò ó. Ó ní, "Ọkàn ń lù ní ogóje lé méjì ní ìṣẹ́jú kan? Màmá, ẹ̀yin tí ẹ jókòó!" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ò rí i, wèrè lẹ rà." Tóyìn bọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní àádọ́rin. Ó so ó mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò tilẹ̀ rántí bá a jà. Méjìdínláàádọ́rin. Ó dá a padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ogóje… ó wálẹ̀ díẹ̀… ó tún gòkè.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Tóyìn fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Màmá, ó ń lù, ó ń fo. Láti ìgbà wo?" Wọ́n ní, "Láti ìgbà wo ni kí ni? Ẹ jẹ́ kí n kó abọ́." Wọ́n fẹ́ dìde. Èmi ni mo di aṣọ wọn mú.

Wọn kò fẹ́ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lọ gbàdúrà. A gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ wa lọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìyá yín àgbà lórí, wọ́n gbàdúrà tó wọ egungun. Bí a ti ṣe àmín tán, Ìyá Ìjọ ní, "Fọláṣadé, mo ti ṣe tèmi. Mọ́tò tí yóò gbé ọ dà?" Ọlọ́run yóò san wọ́n lóore. Ọ̀pọ̀ ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní, "Kò sí o. Àgbà ni." Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, àgbà kì í ṣe orúkọ àìsàn." Ó wá fa àga súnmọ́ wọn, ó jókòó. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ… Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mi ò gbọ́ rí nínú ilé mi ni mo gbọ́ níbẹ̀. Pé òjò ọdún méjì ti rọ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣe wọ́n. Pé ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń fi sùn kí wọ́n lè mí dáadáa. Mo rí ìrọ̀rí mẹ́ta náà o! Mo rò pé ìgbádùn ni. Wọ́n wá ní, "Bí a bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ìjọ, mo máa ń dúró bí ẹni tó ń tún ìró ró, kí Bàbá Tóyìn má baà mọ̀ pé èémí ló tán."

Mo rántí gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí mo ti ń kùn níwájú wọn: "Ìyá Tóyìn, ìró wo ló ń tú ní gbogbo ìgbà? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn!" Mo sì ń lọ. Èmi, ọmọ obìnrin tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà Atosin! Mo ti di àgbàlagbà, mo tún ń rìn lọ níwájú. Mo sunkún níbẹ̀. Tóyìn rò pé ẹ̀rù ọsibítù ló ń bà mí.

Dókítà lẹ wáyà mọ́ wọn láyà, ẹ̀rọ fa ìlà sórí ìwé. Ó ní ọkàn wọn kò lù dọ́gba, pé irú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú, tí rọpárọsẹ̀ á fi dé lójijì. Ó ní a tètè wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi lórí bẹ́ńṣì. Mo bi dókítà bóyá aago náà ló mọ̀ ọ́n. Ó ní rárá, Bàbá, aago kò mọ àìsàn, ó kàn lè ní kí ènìyàn dìde lọ wò ó. Ó ní ó tilẹ̀ máa ń purọ́ nígbà míràn, bí rọ́bà rẹ̀ bá dẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ ọ́ di òrìṣà o.

Ìyá yín àgbà ló ni aago dúdú yẹn báyìí. Tóyìn ra irú rẹ̀ fún mi, mo sì ń wọ̀ ọ́, ẹnu mi kò gba nǹkan kan mọ́. Wọ́n ń lo oògùn wọn. A ṣì ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, a máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé òkè, àwọn ọmọdé ń kọjá wa. Bí mo bá ń pariwo lé ẹnìkan lórí, wọ́n á mú ọwọ́ mi, wọ́n á wo nọ́ńbà, wọ́n á ní, "Ẹ rọra. Mo rí ìbínú yín níbí."

Ayé ti yí. Láyé tiwa, àgbà kì í sọ ohun tó ń ṣe é, ọmọ kì í sì í bèèrè, a pè é ní sùúrù… a sì ń fi sùúrù sin ara wa. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á fún àwọn òbí yín, ẹ rà á, kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó bi ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi ń bèèrè láràárọ̀ pé, "Ìyá Tóyìn, ṣé dáadáa lo jí?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo ti mú àdá. Ní báyìí, bí mo bá bèèrè, mo ń jókòó. Wọ́n á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́. N óò ṣì jókòó, n óò máa wò wọ́n. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá sọ bí wọ́n ṣe jí fún mi.