Wọ́n Ní Kí N Fi Ìran Dá Ẹjọ́ Kọ́láwọlé

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Ara mi ṣì ń gbọ̀n, ẹ má wulẹ̀ bu omi wá, omi kọ́ ló máa dá a dúró. Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fara ti ògiri yìí kí n lè sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ gbọ́ pẹ̀lú. Ìwọ tó gbé táyà lé èjìká, sọ ọ́ kalẹ̀, ó wúwo, ọ̀rọ̀ mi ò sì ní í tètè tán.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má baà ní òun ò mọ orí, òun ò mọ ìdí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn ṣójà kan jáde ní bárékè, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lórí rédíò. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ṣójà tó dúró ti òfin ti kó wọn, ìjọba tí a dìbò yàn sì padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yìnbọn pa Ṣẹ́gun, ọmọ ìjọ wa, ṣójà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rédíò, torí ó kọ̀, kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìyá rẹ̀ ló jókòó síwájú yìí. Ìyá Ṣẹ́gun, mo rí yín. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Bọ́ọ̀sì ìjọ wa ló gbé àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn dé ilé rédíò, Kọ́láwọlé awakọ̀ wa ló sì wà á. Kọ́láwọlé ní ṣe ni wọ́n dá òun dúró lójú títì, wọ́n na ìbọn sí òun lórí. Àwọn ará àdúgbò ní irọ́ ló ń pa, wọ́n ní ó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ó gbàbọ̀dè ni. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n lé e wọ inú ọgbà wa. A tì í mọ́ yàrá tí a ń kó aṣọ ìsìn sí, ibẹ̀ ló ṣì wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí àwọn tó wà ní géètì fẹ́ fi ṣe é, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ìjọ tiwa, bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, aríran là ń ní kó lọ dùbúlẹ̀ sí ilé àdúrà. Ohun tó bá rí, òun la máa ń tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Èmi ni aríran yín, ẹ̀yin náà lẹ ní, “Màmá, ẹ bá wa wò ó, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi. Bí ẹ bá ti ní ó jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ bùṣe.” Mo ní ó dáa. Mo gbàdúrà, mo kọrin díẹ̀, mo forí lé ẹní. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń wọlé, mò ń gbọ́ ariwo ní géètì. Bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn.

Ọkùnrin kan ni mo rí tó dúró níbi ẹsẹ̀ mi. Mò ń wá ìyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìyẹ́. Aṣọ kakí ló wọ̀, bíi ti akódà tó máa ń pe orúkọ èèyàn ní kóòtù ìbílẹ̀. Ó ní kí n dìde. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ Kọ́láwọlé ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ fún mi, wọ́n ń dúró dè mí.” Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e, mò ń ráhùn lábẹ́ ẹnu. Ẹ mọ̀ mí, n kì í dákẹ́.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná débi pé n ò lè fi ẹsẹ̀ kan dúró pẹ́. Mo rí àga ńlá kan tó ń dán. Àwọn ọkùnrin tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ológun, ìbọn lọ́wọ́ wọn, n ò rí òpin ìlà wọn. Ẹni tó wà lórí àga á la ẹnu, á ní, “Ẹ̀yin ará ìlú mi,” kó tó sọ èkejì ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti yìnbọn fún un, á já bọ́ sínú iná tó wà níwájú àga, ìyẹn á jókòó, á ní, “Ẹ̀yin ará ìlú mi,” wọ́n á yìnbọn fún òun náà, á já bọ́, òmíràn á gùn ún, á já bọ́, òmíràn, òmíràn, ẹni tó sì já bọ́ á tún fi ọwọ́ tó ti jóná wọ́ jáde, á tún lọ tò sẹ́yìn, torí kò sí ibòmíràn tó lè lọ. Kò sí ará ìlú kankan níbẹ̀ tó ń gbọ́ wọn.

Akódà náà ní, “Ẹni tó fi ìbọn gba àga ti kọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á.”

Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé ẹ̀san ló ké lé wọn, ó tọ́ sí wọn, àfi bí mo ṣe rí àwọn olóṣèlú nínú agbádá. Àwọn wọ̀nyí ò gbé ìbọn rí láyé wọn. Ìbò ni wọ́n fi wọlé, àwọn kan sì jí ìbò náà. Àtàǹpàkò wọn wú, ó tóbi tó ọmọ odó, tàdáwà ń kán lára rẹ̀, ibi tó bá sì kán sí lára wọn ló ń jó. Àwọn mìíràn nínú wọn wà nínú àhámọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn, wọ́n ń lọgun pé ìgbà wo ni wọ́n máa pe ẹjọ́ àwọn. Mo ní ṣebí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ àwọn yìí ni, kí ni wọ́n tún ṣe? Akódà ní, “Ìdìtẹ̀ náà ò dáa lóòótọ́. Wọ́n wá fi í bojú, wọ́n kó ẹni tó bú wọn pọ̀ mọ́ ẹni tó dìtẹ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọn ò sì pe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀yin ojú fèrèsé, apá tiyín la dé yìí o. Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Òórùn rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ òórùn táyà tó ń jó. Èèyàn ló ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa, táyà tó ń jó lọ́rùn wọn, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń sá, wọ́n ń ké, ẹ bi mí léèrè, ẹ gbọ́ tẹnu mi, ẹ ṣe sùúrù ẹ gbọ́ tẹnu mi, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró gbọ́, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ náà ń bẹ ẹlòmíràn, mo fẹ́ sá, ọ̀kan ṣubú lulẹ̀ níwájú mi, mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì la jọ máa ń pọnmi nígbà tí a wà lọ́mọge. N ò ní í dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ládùúgbò yìí. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, kẹrosíìnì nìkan ni mo gbé wá. N ò fọwọ́ kan ọmọ náà. Wọ́n ní olè ni, wọ́n ń wá nǹkan tí wọ́n máa fi dáná sun ún, mo gbé kẹrosíìnì wá fún wọn.” Mo ní ṣé olè ni ọmọ náà lóòótọ́? Ó ní, “A ò bi í.”

Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí akódà mú mi kúrò níbẹ̀, mo ní mo ti rí èyí tó tó mi. Ó mú mi gba ẹnu ọ̀nà kan, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lójú. Ẹ̀yin ará, n ò rí òpópónà wúrà, bóyá apá ibòmíràn ló wà. Ohun tí mo rí ni pé kò sẹ́ni tó ń sáré. Àwọn èèyàn jókòó lábẹ́ igi, ọkàn wọn balẹ̀. Mo rí adájọ́ tó kọ rìbá. Mo rí obìnrin kan tó jẹ́rìí òótọ́ gbe ẹni tó kórìíra. Lábẹ́ igi kan ni mo ti rí Ṣẹ́gun.

Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó bọ́ bàtà ṣójà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ojú ọta tó wà láyà rẹ̀ ti jiná. Bó ṣe rí mi ló dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ ní kí wọ́n jẹun.” Ẹ má sunkún mọ́, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, èmi náà fẹ́ẹ̀ máa sunkún.

Mo wá ní, “Ṣẹ́gun, ọmọ mi, ìwọ wà níbẹ̀. Kọ́láwọlé tó gbé wọn wá, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni?” Ó ní, “Màmá, ẹni tó yìnbọn fún mi ni mo rí. Mo rí bọ́ọ̀sì. N ò rí inú awakọ̀. Bí mo bá ní mo rí i, irọ́ ni mo pa.” Ó tún ní, “Torí kí wọ́n má fi ìbọn sọ ara wọn di òfin ni mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi táyà ṣe irú ẹ̀ nítorí mi.”

Inú bí mi. Mo yíjú sí akódà, mo ní, “Ó dáa, òun ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀. Ẹ sọ fún mi. Kí ni kí n padà lọ sọ fún àwọn èèyàn?” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò mí lójú. Ó ní, “Wá wo àwọn tó béèrè ohun tí o béèrè yìí.”

Ẹ bá mi di apá mi yìí mú. Ibi tí mo fẹ́ sọ yìí ló ń gbọ̀n mí.

A sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn. Mo gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, mo rò pé ilé la dé. Mo rí aṣọ funfun. Àwa ni. Àwa aríran, wòlíì lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n jókòó lórí ẹní lọ́wọ̀ọ̀wọ́, aṣọ wọn ò ní àbàwọ́n kankan, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ojú wọn là sílẹ̀, kò ṣeé pa dé. Níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òjìji ẹni tó fi ìran dá lẹ́jọ́ jókòó sí, tó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà nìyí, ẹni tó rí mi níbẹ̀ nìyí, ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyí. Bó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Wòlíì á ní mo ti gbọ́, mo ti gbọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ mi padà, kò ní í yí, òjìji náà ò ní í bú u, kò ní í gbóhùn sókè, á kàn tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí wòlíì, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Mo bi akódà pé ṣé gbogbo àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ yìí ni kò jẹ̀bi. Ó ní, “Àwọn mìíràn jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnu wọn.”

Mo wá rí ẹní kan tí kò séèyàn lórí rẹ̀. Ẹní tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ. Níwájú rẹ̀, Kọ́láwọlé ti jókòó, òórùn táyà ń jáde lára rẹ̀, ó ń wọ̀tún wòsì, ó ń dúró de ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀. Mo ní ẹní ta nìyí? Akódà ní, “Ti ẹni tí wọ́n ń dúró dè ní géètì.” Mo kígbe, mo yí padà, ẹsẹ̀ mi ò yí padà, ó ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, mò ń fa ara mi sẹ́yìn, ó ń lọ, orúnkún mi ti kan ẹní náà, ó gbóná, Kọ́láwọlé ti la ẹnu, mo ní n ò rí i, n ò ní í sọ pé mo rí i, n ò rí nǹkan kan, n ò rí nǹkan kan. Ohun tí mò ń wí nìyẹn tí mo fi jí.

Ìran mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹlòmíràn bá dìde lẹ́yìn mi tó ní Ẹ̀mí ti sọ ọ́ fún òun, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ tẹnu Kọ́láwọlé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan. Ṣójà ní òun rí i pé ìlú ò dáa, ó gbé ìbọn. Bí èmi náà bá ní mo rí i lójú ìran, tí ẹ̀yin gbé táyà, kí ni ìyàtọ̀ wa? Kóòtù wà nísàlẹ̀ ibí yìí. Mo mọ̀ pé wọ́n lọ́ra, wọ́n lè sún ẹjọ́ síwájú títí èèyàn á fi hewú. Síbẹ̀, wọ́n á bi í léèrè. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kó tó débẹ̀, mo ti rí ibi tó ń lọ, ẹ má ní n ò sọ fún yín.

Ìyá Ṣẹ́gun, bí èmi nìkan bá mú un jáde, wọ́n á sun àwa méjèèjì pọ̀. Ọ̀rẹ́ Ṣẹ́gun làwọn ọmọ tó wà ní géètì yìí. Ẹ̀yin nìkan ni wọn ò lè sọ òkò sí. Ẹ bá mi di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, kí n di ìkejì mú, ká jọ mú un dé iwájú adájọ́. N ò ní kí ẹ dárí jì í.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀. Ẹ ní bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ńkọ́.

N ò mọ̀, ìyá mi. Ọlọ́run gbọ́, n ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ yín kú, tó ṣì wà níbi tí a ti lè rí i. Bí wọ́n bá sun ún lónìí, ẹ ò ní í gbọ́ ohun tí Ṣẹ́gun sọ gbẹ̀yìn láéláé.

Ìyá Ṣẹ́gun ti dìde. Ẹ yàgò fún un. Bàbá Àgbà, ẹ ṣílẹ̀kùn yàrá aṣọ.