Kọ̀ǹpáílà Tí Mo Gbé Pamọ́ fún Qaosarat

Ẹ má tíì ṣe àmín o, Àáfà. Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ péjọ sílé mi ní Àpòmù láti fi àdúà sìn mí lọ sí Mẹ́kà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń ṣàdúà fún. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi. Bí mo bá gbé e dé Káábà láìsọ ọ́, ara mi ni mo tàn jẹ.

Qaosarat tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ ní kọ̀m̀pútà n'Íkirè. Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, inú sì ń bí mi. Iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn wá ń wá ẹnìkan ṣoṣo. Àwa méjèèjì la kọ̀wé. Wọ́n ní kí kálukú fi iṣẹ́ ìdánwò ránṣẹ́ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tèmi ti lọ, tirẹ̀ ku díẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi máa wo kọ̀m̀pútà yìí, ẹ jẹ́ n lọ kírun Àlàásárì." Ó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, èmi ń gbé kọ̀ǹpáílà rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin àgbà, kọ̀ǹpáílà ló ń sọ ohun tí èèyàn kọ di ohun tí kọ̀m̀pútà lè ṣe; bí kò bá sí, asán ni gbogbo làálàá. Àárín àwọn fọ́tò ìgbéyàwó mi tó wà lórí kọ̀m̀pútà yẹn ni mo gbé e sí.

Ó dé, ó tẹ̀ ẹ́. "Bùrọ̀dá, ó ní òun ò rí kọ̀ǹpáílà o! Ó wà ńbẹ̀ láàárọ̀!" Mo fa àga, mo ń ṣe bí ẹni ń wá a. Àgàbàgebè bíi tèmi! Mo ní kó pa kọ̀m̀pútà, kó tún un tàn. Mo ní kó yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, kó tún un gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń wọ́ bí ìgbín. Nígbà tí aago márùn-ún ààbọ̀ kọjá, ó ní, "Àbí ó ti ṣí lọ síbòmíràn ni? Ẹ jẹ́ n wá a káàkiri." Mo gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́. Iṣẹ́ yìí ju ọpọlọ ẹ lọ." Ó bú sẹ́kún, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Èmi ni wọ́n gbà. Òun kò fọwọ́ kan kọ̀m̀pútà mọ́. Dòdò ló ń tà létí títì. Dòdò títà kì í ṣe ẹ̀gbin, àmọ́ kì í ṣe ohun tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń tọrọ àforíjì kiri bí gbogbo ẹni tó ń lọ Hájì ti ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ òun. Abẹ́ ìyẹn ni mo sá sí. Qaosarat ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: "Ẹ̀yin kẹ̀? Kí lẹ ṣe mí, yàtọ̀ sí oore? Mo foríjì yín láyé, mo foríjì yín lọ́run. Ẹ ṣáà bá mi bẹ Ọlọ́run ní Mẹ́kà kó là mí lóye. Olódo ni mí." Mo sunkún délé.

Qaosarat, mo bẹ̀ ọ́, gba àforíjì yẹn padà. Ó ku ohun kan. Lẹ́yìn tí o lọ, mo dá kọ̀ǹpáílà náà padà, mo tẹ iṣẹ́ rẹ wò. Kò ní àṣìṣe kankan, ó sì dára ju tèmi lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló ṣẹ́kù kí aago mẹ́fà lù. Mo lè bá ọ fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ náà. Mo jókòó, mo ń wo aago. Mo ti kúnlẹ̀ báyìí. Bí o bá máa foríjì mí, èyí ni kí o foríjì.