Òjìji Tí Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Pè Ní Ilà

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ara mi ni mo sì ń bínú sí jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sàlífù aránṣọ tẹríba kí mi lójú ọ̀nà ní Parakú. Kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ya àwòrán tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé láti wá ṣe olùkọ́, mo sì ń fi ìwé kan kọ́ ara mi ní àwòrán yíyà. Mo ti mọ pẹ́ńsù lò dáadáa. Bí òjìji bá dúdú jù, màá fi àtàǹpàkò nù ún. Tàdáwà, yíǹkì tí a fi ń kọ̀wé, kò gba ìyẹn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra la fi ń ṣe òjìji rẹ̀. Tèmi nípọn, wọ́n sì jìnnà síra.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa sá lọ. Mo rí ojú rẹ̀ fírí. Àwọn ọlọ́pàá ní kí n yà á. Mo fi pẹ́ńsù yà á, ó dára. Ìgbéraga ló mú mi fi tàdáwà tọ̀ ọ́. Oòrùn wà lápá kan ojú rẹ̀, mo sì fa òjìji sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ mi ní, "Olùkọ́, ẹ mọ iṣẹ́ o. Ẹ ò tiẹ̀ gbàgbé ilà ojú rẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo fẹ́ sọ pé òjìji ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yìn mí. Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mo yà."

Wọ́n lọ mú Sàlífù ní Banikanni, torí pé ó kọ ilà, ó sì máa ń gbé aṣọ àwọn ọmọ wá sí ilé ìwé wa. Àwọn aládùúgbò ń fi ṣẹ̀sín: "Aránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ò ń fẹsẹ̀ wà nílé kò tó ọ mọ́?" Kí ó tó jáde lẹ́wọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ wọn lọ.

Inú ń bí mi sí gbogbo wọn. Ta ni wọ́n ń kọ irú ilà bẹ́ẹ̀ fún lẹ́rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì Sàlífù ni tirẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó béèrè, èmi náà kò sọ.

Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé bóyá ilà wà lójú olè náà lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ mọ́. Àwòrán mi ni mò ń rántí, kì í ṣe ojú olè náà.

Láti ìgbà náà, mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀kán tàdáwà tó-tò-tó ṣe òjìji láìfa ìlà kankan. Lẹ́yìn tí Sàlífù kí mi, mo tún ojú olè náà yà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dán, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí n kọ́kọ́ gbé àwòrán yìí lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ Sàlífù, tó ṣì ń tẹríba fún mi?