Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Tẹ Ọyàn Mi Pẹlẹbẹ

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo ògo! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dé Gonzagueville! Ògo ni fún Ọlọ́run tó mọ inú, tó mọ òde!

Èmi Ìyá Dúpẹ́ tí ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Treichville ni mo dìde yìí. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọyàn ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kókó inú ọyàn ló pa á. Ó ń bò ó mọ́ abẹ́ aṣọ títí tí ó fi di egbò. Nítorí náà, nígbà tí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi sọ pé ẹ̀rọ tuntun kan dé tó ń ya àwòrán inú ọyàn, pé kí èmi náà lọ yà á bí nǹkan kan ò tilẹ̀ ṣe mí, mo bi í pé, "Dókítà, bí kò bá sí nǹkan, kí ló fẹ́ wò?"

Ó ní, "Maman, ohun tí ọwọ́ ò tíì lè bà ló ń wò."

Ha! Ohun tí ọwọ́ ò tíì lè bà! Ó wù mí kí n mọ bó ṣe ń ṣe é.

Bàbá Dúpẹ́ ní, "Ta ló fẹ́ máa wo ọyàn ìyàwó mi?"

Mo ní, "Obìnrin ni wọ́n ní ó ń yà á."

Ó ní, "Ó dáa. Kó má wò ó pẹ́."

Ẹ̀yin ará, yàrá ẹ̀rọ náà tutù! Ọ̀dọ́bìnrin ẹ̀yà Baulé kan ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ó gbé ọyàn mi lé orí irin pẹrẹsẹ kan bí ẹni ń gbé ìyẹ̀fun pípò lé àtẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń bọ̀ látòkè. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Mo ké, "Madame, ṣé ẹ fẹ́ kó já ni?"

"Maman, ẹ má mí o! Ne respirez pas!"

Yéè! Mo wolẹ̀, mo rí i tó tẹ́ pẹlẹbẹ bí àkàrà tí èèyàn jókòó lé. Ọyàn tí gbogbo ọmọ mi mu! Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Nígbà tó tú u sílẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi ní láti tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bó bá nípọn, ohun kan lè sá pamọ́ sẹ́yìn òmíràn. Bó bá tẹ́, gbogbo rẹ̀ á hàn." Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!

Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà wo àwòrán, ẹ̀rín rẹ̀ lọ. "Maman, èérún funfun kan wà níhìn-ín, lápá abíyá. N kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ padà wá lọ́la, ká tún un yà."

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí lójú mi. Mo dé ọjà, oníbàárà kan, ẹ̀yà Dyula, na abọ́ sí mi, ó ní, "Joli?", ìyẹn ni pé èló ni. Mo kàn ń wò ó ni. Àlájà Sílífá, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ nítòsí mi, ló bá mi dá a lóhùn. Mo rò ó fún un, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, Ọlọ́run kan náà là ń pè. Màá tẹ̀lé yín lọ."

Ó tẹ̀lé mi. Mo ń ka sáàmù, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo bọ́ aṣọ, ọ̀dọ́bìnrin yẹn ní, "Maman, kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Páúdà ni. Mo dà á sí abíyá, kí n má baà rùn lójú dókítà."

"Ṣé ẹ dà á lánàá náà?"

"Púpọ̀ púpọ̀!"

Ó di àga mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Páúdà máa ń hàn nínú àwòrán bí èérún!" Ó gbé omi àti ọṣẹ wá. Mo wẹ̀ ẹ́ nù, ó tún tẹ̀ mí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò pariwo.

Dókítà wò ó títí. Ó ní, "Maman, kò sí nǹkan kan."

Halelúyà! Ẹ má tíì jókòó, kò tán síbẹ̀!

Àlájà bi mí pé, "Ṣé ó ń dunni púpọ̀?" Mo ní, "Bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá pa ìka lára ni, ṣùgbọ́n kì í pẹ́." Ó wá ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n lè ya tèmi."

Wọ́n yà á. Ti Àlájà kì í ṣe páúdà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò tó hóró ẹ̀wà. Wọ́n gé e kúrò. Dókítà sọ fún un pé, "Ká ní ẹ dúró dìgbà tí ọwọ́ yín bà á ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀." Lónìí, Àlájà ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń bá oníbàárà jà lórí iye aṣọ bíi tàtijọ́!

Èmi tí mo lọ, kò sí nǹkan lára mi. Ẹni tó sìn mí lọ ni Ọlọ́run ń wá. Mo ṣì ń bi í léèrè bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì ṣàlàyé fún mi. Mo ṣáà dúpẹ́! Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá!

Arábìnrin tí ó mọ nǹkan lára, tí ó ń fi aṣọ bò ó, mo bẹ̀ ọ́, dìde. Lọ́jọ́ lundi, ìyẹn Mọ́ńdè, láàárọ̀, mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà láti mú ẹni tó bá fẹ́ lọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, wá bẹ́ẹ̀. Àlájà ti ní òun náà á wà níbẹ̀, òun á sì di ọwọ́ rẹ mú.