Ibi Tí Ẹran Ń Gbà Sọdá

Inú mọ́tò tó ń lọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu bàbá ọdẹ kan àti obìnrin kan, òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ẹran igbó, tó tẹ́ máàpù sórí itan.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ mú wa lọ síbi tí ẹ ní ẹranko ń gbà sọdá. Torí ẹ̀ la ṣe ní kí títì tuntun yẹra fún ibẹ̀."

"Ọmọ mi, ọdẹ kì í fi ojú ọ̀nà ẹran han àlejò. Bàbá mi ò fi han àbúrò rẹ̀ pàápàá. Mo rò pé ẹ fẹ́ fòfin lé wa kúrò níbẹ̀ ni. Ibi tí mo mú yín lọ yẹn, ewúrẹ́ ìyàwó mi ló ń gbabẹ̀."

Obìnrin náà ò tiẹ̀ lágbára ìbínú mọ́. "Ewúrẹ́ ìyàwó yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ẹrẹ̀, torí ewúrẹ́." Ó sún máàpù náà sọ́dọ̀ bàbá. "Ojú ọ̀nà wọn gan-an ńkọ́?"

Bàbá ọdẹ náà mí kanlẹ̀. Ó fi ìka tọ odò lórí máàpù, títí ìka náà fi dúró lórí ìlà pupa tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí títì tuntun náà máa gbà.

Gbogbo wa nínú mọ́tò la rí i.