Ìyá Mi Ń Sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì

Àárín ìyá oníṣòwò kan àti ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo há sí nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí mi bí ẹni pé ẹrù ni mí.

“Ọmọ mi, àwọn olùkọ́ yín wá sílé wa ní Shehuri nígbà kan. Wọ́n ní àwọn ń ṣèwádìí lórí Yorùbá tí à ń sọ lókè ọya níbí. Wọ́n gba ohùn ìyá mi sínú ẹ̀rọ. Ìyá mi ti kú báyìí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Mo ti ka ìwádìí yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó wà ní láíbìrì wa.”

“Tọ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ ni mò ń bèèrè. Ìyá mi fi oríkì pè mí nínú ẹ̀rọ yẹn. Látìgbà tó ti kú, Hájíyà ni gbogbo ayé ń pè mí. Hausa làwọn ọmọ mi ń sọ. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ ní yunifásítì, èmi ọmọ ò gbọ́.”

A dé géètì yunifásítì. Ọmọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó yíjú padà.

“Màmá, kí ni oríkì yín?”

“Ta ní ń fi oríkì pe ara rẹ̀? Lọ bá mi gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi.”